Apá Búláòsì Ràfíátù

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Àbújá ni pé kò sẹ́ni tó ń dáhùn ìkíni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ìsọ̀ tí mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo lè kí ogún èèyàn kí n tó débẹ̀, gbogbo wọn á dá mi lóhùn, àwọn mìíràn á tún béèrè bí ìyá mi ṣe jí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé àdúgbò Gwarinpa, mo rí bàbá kan tó ń fọ mọ́tò níwájú géètì rẹ̀. Mo tẹríba, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o." Bàbá náà bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó ti géètì. Mo dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ojú ń tì mí, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Ohun tí wọn ò sọ ni ohun tí onílé á ṣe bó bá jẹ́ pé àjò ni iṣẹ́ wà. Iṣẹ́ sì wà ní Gwarinpa. Àwọn tó ń lọ mọ́ṣáláṣí ń fẹ́ kàfùtáánì tuntun fún Jímọ̀, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń fẹ́ gáùn fún ọjọ́ Àìkú, èmi sì mọ ọ̀nà méjèèjì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà láàárín aṣọ kan sí èkejì ló ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ìyá wọn ń mú wá wọn aṣọ gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà?" wọ́n á ní, "I'm fine, Uncle." Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ Màláàmù tó ń ta súyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Oṣù méjì ni mo fi ń kí i tí kì í ju kó mi orí lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ṣí fèrèsé, mi ò tíì lanu, ó kí mi lédè Haúsá, ó ní, "Tela, sànnu." Mo ní, "Yauwa, sànnu." Mo padà sórí àga mi, mò ń dá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi, Ràfíátù, àti àwọn ọmọ wa méjì ṣì wà nílé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Mo máa ń pè wọ́n lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gba ìpè ará àjò nílé wa. Ì báà jẹ́ fóònù ta ni mo pè, wọ́n á gbé e sórí àpótí láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí sípíkà kí gbogbo ilé lè gbọ́. Bàbá mi á kí mi, ìyá mi á ṣàdúrà, àbúrò mi á béèrè bóyá mo ti rí Ààrẹ sójú. Ẹni tó bá gbé ìpè ará àjò sétí ara rẹ̀ nìkan, wọ́n á ní ó ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Ràfí ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"Bàbá Mọ́rúfù, ẹ kú iṣẹ́."

"Ìyá Mọ́rúfù, o kú àmójútó àwọn ọmọ."

Á ní bàtà Mọ́rúfù ti já. Á ní àbúrò rẹ̀ húkọ́ lánàá, ó ti lo oògùn. Mo ti gbọ́. Ó dàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ náà la máa sọ ọ́ lọ́la.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kó àwọn ọmọ wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn pé, "A ó máa wò ó." Yorùbá tó bá ti gbọ́ "a ó máa wò ó" mọ̀ pé wọn ò ní wò ó. Ó ń ta ìwé àti bírò níwájú ilé ìwé kan, mo kọ́kọ́ rò pé ọjà rẹ̀ ni kò fẹ́ fi sílẹ̀. Àfìgbà tó di ọjọ́ kan, lẹ́yìn bàtà àti ikọ́, tó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Bàbá Mọ́rúfù, ẹ má fi dandan ṣe é pé ẹ gbọ́dọ̀ máa pè lójoojúmọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a ó pè yín."

Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó máa lọ sinmi. Mo pa fóònù, mo jókòó ti kàfùtáánì tí mò ń rán, mo mọ̀ pé ìyàwó mi ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo ti lè dì í mú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ́mì wá. Òpópónà kejì sí ìsọ̀ mi ló ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, ọmọ Èkìtì sì ni. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ohùn Èkìtì ló máa ń fi rín in. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, ó gbé aṣọ aláwọ̀ òféfèé kan lé orí tábìlì mi.

"Télọ̀, ṣé o lè rán aṣọ tó ń jó?"

Mo ní, "Mọ́mì, aṣọ kì í jó, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń jó."

"Á jẹ́ pé o ò tíì rí aṣọ rí. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni mo fẹ́ pé. Mi ò ṣe ayẹyẹ kankan. Mo kàn fẹ́ wọ aṣọ kan nínú pálọ̀ mi, kí n sì yí po lẹ́ẹ̀kan. Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, kí n fi hàn ọ́."

Mo lọ. Ó gbé mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fún mi ní bísíkíìtì, ó tan fíìmù kan. Fíìmù Họ́líwúùdù àtijọ́ ni, wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ìtàn inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan jà nítorí takisí kan ṣoṣo. Wọ́n tún pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n tún jà. Ọmọdé tó wò ó á ti mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ra, àwọn méjèèjì nìkan ni kò mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé ibi tí ẹnu ò lè sọ ọ́ mọ́, dùùrù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò rí, ọkùnrin náà á sì la ẹnu kọrin.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló ń tẹ dùùrù?"

"Máa wo aṣọ."

Ìgbà náà ni obìnrin náà yí. Yẹ̀rì gáùn rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó là, ó di róbótó yí i ká, nígbà tó sì dúró, aṣọ náà kò tíì fẹ́ dúró. Ó rọra ń bọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti simi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo ní kí Mọ́mì dá fíìmù náà padà sẹ́yìn. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo sún mọ́ ọn títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Mo wá rí i pé wọn ò ṣẹ́ aṣọ jọ níbàdí rárá. Odindi òbìrí ni wọ́n gé e, wọ́n wá dá ihò sí àárín fún ìbàdí, bí ẹni gé àárín àkàrà òyìnbó kúrò. Láti ọjọ́ tí mo ti ń rán aṣọ, ara tó dúró ni mò ń rán an fún. Mi ò ronú nípa ara tó ń yí rí.

Mo padà lọ ní Sátidé kejì, mo ní mo fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ ìdí aṣọ náà. Irọ́ ni mo pa, mo sì rò pé Mọ́mì mọ̀. Ibì kan ni mo fẹ́ tún wò. Ọkùnrin náà wá bẹ obìnrin náà nísàlẹ̀ fèrèsé, ó ń kọrin, àwọn tó ń kun ilé lórí àkàbà gbé búrọ́ọ̀ṣì wọn dúró, wọ́n bá a gbè é. Oníbúrẹ́dì tó ń kọjá gbè é. Ọlọ́pàá gbè é. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó béèrè ọmọ ibo ni ọkùnrin náà. Mò ń wò wọ́n, mò ń ronú nípa bàbá tó ti géètì mọ́ ìkíni mi. Ìlú tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ti lè gbe orin rẹ, ilé ẹni nìyẹn, ibikíbi tó wù kó wà. Omijé lé ròrò sí mi lójú níbi tí mo ti ń jẹ bísíkíìtì, mo sì ṣe bí ẹni pé eruku ni.

Mọ́mì ò wo ojú mi. Ó ní, "Ìgbà mẹ́rin ni ọkọ mi mú mi lọ wo fíìmù yìí ní sinimá n'Íbàdàn, kó tó fẹ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀ tán ni mo tó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pa iná ló máa ń sùn. Kò mọ bó ṣe parí títí tó fi kú." Ó rẹ́rìn-ín, ohùn Èkìtì jáde. "Kò sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ràn mi. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń fẹ́ gbọ́ ọ. Kí ni ìwọ máa ń bá ìyàwó rẹ sọ?"

Mo sọ fún un: bàtà, ikọ́, o kú àmójútó.

"Akọ̀wé ni ẹ́, àkọsílẹ̀ lò ń kà fún un," ni Mọ́mì wí. "Báwo lẹ ṣe pàdé?"

Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọṣẹ́ ni mí, ó ku oṣù díẹ̀ kí n ṣe fírídọ̀ọ̀mù, nígbà tí Ràfíátù mú àǹkárá aláwọ̀ ewé wá pé kí n fi rán búláòsì. Mo fi tépù yí apá rẹ̀ ká, ó ní ọwọ́ mi tutù, mo ní apá tirẹ̀ ló gbóná. A bẹ̀rẹ̀ sí í jà látìgbà náà. Mo wá rò ó pé bí búláòsì yìí bá bá a mu, ó ti lọ nìyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ rán apá ọ̀tún wọlé jù, ìwọ̀n ìka kan. Ní ọjọ́ kẹta ó dé, kò lè gbé ọwọ́ sókè. "Télọ̀, ṣé igi lo rán an fún ni?" Ọ̀gá mi bú mi níwájú rẹ̀. Mo tú apá náà, mo fi ẹ̀rọ rán an bó ṣe yẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì pé ó ṣì fún. Mo rò pé ó sanra ni, ta ló sì máa sọ ìyẹn fún obìnrin? Kí ọ̀gá mi má baà gbọ́, mo ní n ó rán òmíràn fún un. Ó ká ti àkọ́kọ́ padà sínú báàgì, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Kí èkejì tó parí, a ti ń sọ̀rọ̀ tí kò kan aṣọ.

"Ó ti tó ọdún mélòó?"

"Ọdún mọ́kànlá, Mọ́mì."

"O ò sì tíì sọ fún un pé o mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

"Ìtìjú, Mọ́mì."

Ó tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ojú ò ti àwọn wọ̀nyí."

Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Mo mú ọjọ́ Jímọ̀, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìdí ọjà rẹ̀ ló máa wà, òun nìkan. Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀. Mo pè. Ó ní, "Hẹ́lò?" Mo gbọ́ ìró kan tó dà bíi pé nǹkan kan igi, mi ò kà á sí. Mo pè é ní oríkì rẹ̀, tí mi ò pè láti ọdún tí a bí Mọ́rúfù, mo sì fi ohùn orin inú fíìmù yẹn kọ ọ́:

"Àmọ̀kẹ́, jọ̀wọ́ dákẹ́ kí n sọ ọ́,
Apá búláòsì tó fún lọ́jọ́sí,
Ọwọ́ mi ò ṣì í, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni,
Kí o lè padà wá ni."

Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní àárò rẹ̀ ń sọ mí, mo ní ilé tí kò sí nínú rẹ̀ kò gbà mí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn ìyá mi.

"Ọmọ mi, ṣé ara rẹ yá?"

Bàbá mi húkọ́. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé Mọ́rúfù ni. Ìpè náà já. Wọ́n ti gba ìsinmi nílé ìwé láti ọjọ́ Wẹsidé, kò sí ẹni tí Ràfí fẹ́ ta bírò fún. Bàbá tó bá wà nílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ á mọ̀ pé wọ́n ti gba ìsinmi. Èmi ò mọ̀. Ó ti gbé mi sórí àpótí láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí àṣà ilé wa.

Mo pè lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Mo pè lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá mi ló gbé e, ó ní Ràfí lọ sí ọjà. Mo ní, "Ọjà wo?" Ó ní, "Ọjà." Mo bínú sí Mọ́mì, mo bínú sí fíìmù, mo bínú sí gbogbo Họ́líwúùdù. Àwọn tó ń kọrin níbẹ̀ kò ní ìyá lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo ti dójú ti obìnrin tó ń gbé láàárín àwọn èèyàn mi, lójú àwọn tó ní láti máa wò ní àràárọ̀.

Láàárín ìbànújẹ́ yẹn ni mo parí aṣọ Mọ́mì. Mo gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ògiri, ó ní kí n dúró nítòsí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó rọra yí. Kò yára, síbẹ̀ aṣọ náà gbéra, ó là, ó sì falẹ̀ díẹ̀ kó tó padà wá bá a. Mọ́mì gbójú sókè wo fọ́tò ọkọ rẹ̀ lára ògiri. "Ó yẹ kí o lajú báyìí," ló sọ fún un. Ọmọbìnrin rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún Mọ́mì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó, ó wá nu ojú, ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ báyìí, àbí kò gbọ́?"

Lọ́jọ́ kẹjọ tí mo kọrin náà, awakọ̀ kan tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí pé wọ́n fi ẹrù rán òun sí mi. Ọ̀rá dúdú kan ni. Kajú yíyan wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ kajú, búláòsì àǹkárá aláwọ̀ ewé ọjọ́sí, ó ti ṣá, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́. Kò sí ìwé, kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n fi rán awakọ̀.

Mo gbé e lọ sí ìsọ̀. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí obìnrin dá ohun tí ọkùnrin fún un padà. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo jókòó tì í títí wọ́n fi kírun Àsárì. Nígbà tí mo padà dé, mo ní kí n kúkú wo apá tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo yí inú rẹ̀ síta.

Ojú rírán mi wà níbẹ̀, ti ẹ̀rọ, òwú aláwọ̀ ewé, ní ibi tó yẹ kó wà gan-an. Mo ti tún un ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ojú rírán mìíràn tún wà, ìwọ̀n ìka kan sí inú, ibi tí mo ti kọ́kọ́ fún un pa. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni, òwú funfun ni, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ aṣọ rán ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti mọ ọwọ́ náà, kò sí bọ́tìnì tí ó ń rán tí mi ò lè dá mọ̀.

Mo gbé fóònù, mo pè. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé mi sórí àpótí. Bàbá mi kí mi, ìyá mi ṣàdúrà.

"Télọ̀," Ràfíátù wí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ṣe yìgì. "Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i. Òwú funfun."

"Aláwọ̀ ewé ò sí nílé lọ́jọ́ náà." Ìyá mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ti tún un ṣe, kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe ní ìsọ̀ yín? Mo rò pé ẹ máa wo inú rẹ̀. Ẹ kàn lọ rán òmíràn ni. Látìgbà náà ni mo ti ń retí pé ẹ máa sọ nǹkan kan."

Mo ní, "Síṣọ́sì wà lọ́wọ́ mi. Kí n tú u?"

"Ẹ má tú u. Mo fẹ́ wá wọ̀ ọ́ wò ná." Ó tún ní, "Ọjọ́ Àìkú la máa wọkọ̀, èmi àti àwọn ọmọ. Mo ti sọ fún Bàbá."

Bàbá mi húkọ́, ó ní Ọlọ́run á ṣọ́ wọn lọ́nà.

Mo gbé síṣọ́sì kalẹ̀. Mo ká búláòsì náà, mo ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀ sílẹ̀ gbayawu, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, orin náà sì bọ́ sí mi lẹ́nu láìjẹ́ pé mo pè é. Níta, Màláàmù ń rẹ́ ẹran fún súyà ìrọ̀lẹ́. Ó tẹ́tí, ó mi orí, ó wá ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lu pákó rẹ̀ tẹ̀ lé mi. Kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ Ràfíátù, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ.